Ẹ̀ṣẹ́ Tí Kò Lè Kan Ojú Mọ́: Àkọsílẹ̀ Ikú Rikiishi àti Ohun Tí Ó Sọ Joe Yabuki Dà

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 1970, àwọn ènìyàn tí iye wọn tó 700 péjọ sí gbọ̀ngàn ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Kodansha ní ìlú Tokyo, wọ́n wá ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún ọkùnrin kan tí kò fìgbà kankan gbé orí ilẹ̀ ayé. Toru Rikiishi ni orúkọ rẹ̀. Inú máńgà, ìwé ìtàn alàwòrán àwọn ará Japan, ni wọ́n ti dá a, inú máńgà náà ni ó sì kú sí, síbẹ̀ wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ bí a ti ń gbé àwòrán òkú kọ́, àlùfáà ẹlẹ́sìn Búdà gba àdúrà òkú fún un, wọ́n ta okùn yí ojú ìjà ẹ̀ṣẹ́ ká nínú gbọ̀ngàn náà, wọ́n sì lu agogo ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń lù ú fún akànṣẹ́ tí ó bá papò dà. Shuji Terayama, akéwì àti olùdarí eré orí ìtàgé, ni ó ṣe agbátẹrù ètò náà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn bí ẹni ń sọ nípa ohun ìyanu, wọn a ní àwọn ará Japan fẹ́ràn máńgà débi pé wọ́n ń sìnkú ẹni tí kò sí. Èmi kò kà á sí ohun ìyanu. Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ìwé náà fúnra rẹ̀: bí Rikiishi ṣe kú, ọwọ́ ta ni ó wà nínú ikú náà, àti irú ènìyàn tí ẹni tí ó ni ọwọ́ náà dà lẹ́yìn ìgbà yẹn. Mo yan ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé nígbàkígbà tí a bá ń jíròrò nípa máńgà oníjà, ohun tí a sábà máa ń sọ ni pé ìjà ni ó ń sọ akọni di ẹni ńlá: wọ́n lù ú bolẹ̀, ó lọ kọ́ ọgbọ́n tuntun, ó padà wá, ó ṣẹ́gun, alátakò tí ó lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ sì tún dé. Wọ́n sọ ìdàgbàsókè di àtẹ̀gùn. Ní ti Joe Yabuki, akànṣẹ́ tí ó jẹ́ akọni ìwé tí Rikiishi wà nínú rẹ̀, ìjà tí ó sọ ọ́ di ènìyàn ni ìjà tí ó gba ẹ̀ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ashita no Joe, èyí tí a lè pè ní Joe ti Ọ̀la, bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1968 nínú Weekly Shonen Magazine, ìwé ìròyìn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tí Kodansha ń tẹ̀ fún àwọn ọmọdékùnrin, kò sì parí títí di oṣù Karùn-ún ọdún 1973. Tetsuya Chiba ni ó ya àwòrán rẹ̀. Ikki Kajiwara ni ó kọ ìtàn rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ Asao Takamori ni ó fi kọ ọ́, nítorí pé iṣẹ́ mìíràn tí ó ń kọ ti wà nínú ìwé ìròyìn kan náà lábẹ́ orúkọ Kajiwara.

Nígbà tí ìtàn bẹ̀rẹ̀, Joe jẹ́ ọmọ òrukàn tí ó tó ọmọ ọdún 15, alárìnkiri tí kò ní ilé, tí kò sì ní ẹni tí ń wá a. Ó rìn wọ San'ya, àdúgbò àwọn alágbàṣe ojoojúmọ́ ní Tokyo, níbi tí àwọn ọkùnrin tí kò ríṣẹ́ gidi ṣe ti ń sùn sí yàrá olówó pọ́ọ́kú, tí afárá ibẹ̀ sì ń jẹ́ Namidabashi, Afárá Omijé. Níbẹ̀ ni Danpei Tange ti rí i, àgbàlagbà akànṣẹ́ kan tí ojú rẹ̀ kan ti fọ́, tí ọtí sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ di ẹni ìgbàgbé. Ohun tí Danpei rí lọ́wọ́ ọmọ náà ni gbogbo ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti pàdánù láyé. Joe kò rí nǹkan kan ní tirẹ̀. Ó gba oúnjẹ àti owó lọ́wọ́ bàbá náà, ó kó àwọn ọmọdé àdúgbò jọ, ó ń fi wọ́n lu jìbìtì títí ọlọ́pàá fi mú un. Inú àtìmọ́lé ni káàdì tí Danpei ń fi ránṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí bá a, èyí àkọ́kọ́ sì ń ṣàlàyé bí a ti ń fi ọwọ́ òsì sọ ẹ̀ṣẹ́ tààrà sí alátakò, kí ìgúnpá sún mọ́ ìhà, kí ọwọ́ yára lọ, kí ó sì yára padà. Joe kò kọ́kọ́ ka káàdì náà sí. Àìríṣe ni ó mú kí ó gbìyànjú rẹ̀, ẹnu sì yà á bí ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ ti yàtọ̀ sí ti àná.

Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo irú ẹni tí ó jẹ́ ní àkókò yìí, nítorí pé òun ni a óò fi wé ẹni tí ó padà dà. Ẹ̀ṣẹ́ ni èdè kan ṣoṣo tí ó gbọ́. Bí inú bá bí i, yóò lu ènìyàn. Bí inú rẹ̀ bá dùn, yóò wá ẹni tí yóò bá jà. Bí ẹnìkan bá ṣàánú rẹ̀, yóò kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ̀tàn ni, lẹ́yìn náà yóò bú u tàbí kí ó lù ú. Ẹni tí ó bá ṣubú níwájú rẹ̀ kò ní ojú, kò ní orúkọ, kò sì ní ilé tí yóò padà sí. Kì í ṣe pé ó burú. Kò sí ẹni tí ó ti fi hàn án rí pé òun pẹ̀lú ní ojú.

Ọgbà àtúnṣe àwọn ọ̀dọ́ tí ó dá ẹ̀ṣẹ̀ ni ó ti pàdé Rikiishi. Akànṣẹ́ tí ń fi ìjà jẹun ni Rikiishi kí ó tó dé ibẹ̀. Òǹwòran kan tí ó ń bú u ni ó lù, wọ́n sì torí rẹ̀ tì í mọ́lé. Ní ọjọ́ tí Joe tú agbo ẹlẹ́dẹ̀ ọgbà náà sílẹ̀ kí ó lè bá wọn sá jáde, Rikiishi ni ó dúró lójú ọ̀nà tí ó sì fi ẹ̀ṣẹ́ dá a padà. Láti ìgbà náà ni Joe ti ní ìdí kan láyé, ìdí náà sì ni pé kí ó lu ọkùnrin yìí bolẹ̀. Nígbà tí wọ́n jà lójú gbogbo ará ọgbà, Rikiishi ṣe é bí ó ti fẹ́, ṣùgbọ́n nígbẹ̀yìn Joe dúró de ẹ̀ṣẹ́ tí ń bọ̀, ó gbé apá tirẹ̀ kọjá lórí apá Rikiishi lákòókò kan náà, tí agbára Rikiishi fúnra rẹ̀ fi kún ẹ̀ṣẹ́ tí ó bà á, àwọn méjèèjì sì ṣubú lulẹ̀ pọ̀. Kúróòsì-káńtà ni àwọn akànṣẹ́ ń pè é. Ẹ̀ṣẹ́ tí ó ń béèrè pé kí o gba ìyà kí o tó lè fi ìyà jẹ ẹlòmíràn ni, kò sì sí ẹ̀ṣẹ́ mìíràn tí ó bá ìwà Joe mu bí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà nípa bí wọ́n ṣe ya ìwé náà tí n kò lè fò kọjá. Nígbà tí Chiba kọ́kọ́ ya Rikiishi, kò mọ̀ pé Rikiishi ni yóò di alátakò Joe títí dé ojú ìjà gidi. Ó yà á ní ọkùnrin gíga, elégungun gbọọrọ, tí Joe kò ju èjìká rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n ara ni ó ń pààlà láàárín àwọn akànṣẹ́, ìpele bàńtámù tí Joe wà sì jẹ́ ti ẹni tí kò ju kílò 53.5 lọ. Bí òfin bá ṣe wà, àwọn méjèèjì kò lè pàdé láé. Ẹni tí ó bá kéré ju èyí lọ nínú iṣẹ́ rẹ̀ ìbá wá ọ̀nà bo àṣìṣe náà mọ́lẹ̀, kí ó máa ya Rikiishi kúrú díẹ̀díẹ̀ títí ojú àwọn òǹkàwé yóò fi mọ́ ọn. Àwọn òǹṣèwé wọ̀nyí sọ àṣìṣe náà di ẹrù, wọ́n sì gbé e lé Rikiishi lórí: bí Joe kò bá lè gòkè wá, Rikiishi ni yóò sọ̀ kalẹ̀.

Ìsọ̀kalẹ̀ yìí ni mo kà sí ojúlówó ìjà inú ìwé náà, ó sì ti ṣẹlẹ̀ kí agogo tó dún. Kò sí ẹni tí ó fi ipá mú Rikiishi. Ilé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ṣẹ́ tí ìdílé Shiraki olówó ní ni ó wà, wọ́n sì fẹ́ kí ó di ọ̀gá àwọn akànṣẹ́ ní ìpele tirẹ̀, níbi tí ọ̀nà ti là fún un. Yoko Shiraki, ọmọbìnrin ìdílé náà, rọ̀ ọ́ pé kí ó jáwọ́. Ó kọ̀. Ó dín oúnjẹ kù títí oúnjẹ fi tán, lẹ́yìn náà ó dín omi kù, ó fi aṣọ bo ara kí òógùn lè máa jáde, ó sì ní kí wọ́n ti òun mọ́ yàrá. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ní òru ọjọ́ kan, òǹgbẹ gbé e dìde bí ẹranko, ó já jáde, ó sá lọ sí ìdí ẹ̀rọ omi, ó sì rí i pé wọ́n ti fi wáyà di gbogbo wọn pinpin, kí ó má baà lè ṣí ọ̀kankan. Yoko ni ó bá a níbẹ̀, tí ó sì gbé omi gbígbóná kan ife wá fún un. Rikiishi gba ife náà. Ó dúpẹ́, ó ní inú rere rẹ̀ ti tó òun, ó sì da omi náà sílẹ̀.

Mo ti ka ojú ewé yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì tíì rọrùn fún mi láti kà á. Kò sí ẹ̀ṣẹ́ kan nínú rẹ̀. Joe kò sí níbẹ̀, kò mọ̀ sí i, kò sì tíì lóye pé ẹnìkan ń fi ẹran ara rẹ̀ san owó ọ̀nà kí àwọn méjèèjì lè fojú rinjú. Síbẹ̀ gbogbo ohun tí Joe máa dà nígbà tí ó bá yá wà nínú ife omi yẹn.

Ọjọ́ ìjà dé. Rikiishi tí ó bọ́ sójú ìjà kì í ṣe Rikiishi ti àtijọ́ mọ́: ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti jìn, ojú ti wọnú, egungun ìhà ṣeé kà. Joe ní ìdúró kan tí ó ti fi pa àwọn ẹlòmíràn láyò, ó máa ń fi ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara bí ẹni tí kò fẹ́ jà, kí alátakò lè sọ ẹ̀ṣẹ́ tí òun yóò fi kúróòsì-káńtà dá lóhùn. Rikiishi wò ó, òun náà sì sọ ọwọ́ tirẹ̀ kalẹ̀. Àwọn méjèèjì dúró níwájú ara wọn láìgbéra, láìdáàbò bo ara, gbogbo gbọ̀ngàn sì pa rọ́rọ́. Chiba fi ojú ewé púpọ̀ ya ìdákẹ́jẹ́ yìí. Nínú ìwé tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọ tí ó fẹ́ rí ìjà, ó nígboyà láti ya ọkùnrin méjì tí kò ṣe nǹkan kan ju kí wọ́n máa wo ara wọn lọ, mo sì gbà pé ìgbà yẹn ni Joe kọ́kọ́ rí ojú ẹni tí ó ń bá jà.

Ní abala 6, ẹ̀ṣẹ́ Joe bà á ní ẹ̀bátí, bí ó sì ti ń ṣubú lọ, ìpàkọ́ rẹ̀ já lu okùn tí ó yí ojú ìjà ká. Ó dìde. Ìjà ń bá a lọ, kò sì sí ẹni tí ó ka ìṣubú náà sí ju bí wọ́n ti ń ka ìṣubú akànṣẹ́ sí lọ. Ní abala 8, Joe rò pé àyè kúróòsì-káńtà ti ṣí sílẹ̀, ó sọ ọ́, Rikiishi yẹ̀ ẹ́, ó sì gbé ẹ̀ṣẹ́ kan wá láti ìsàlẹ̀ tí ó gba abẹ́ àgbọ̀n Joe kọjá sókè. Wọ́n ka oókan dé ẹ̀wàá lé Joe lórí. Rikiishi borí.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Joe dìde, inú kò bí i. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà, wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì mọ́. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò wá ẹni tí yóò dá lẹ́bi. Ó rìn lọ bá Rikiishi kí ó lè bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Rikiishi na ọwọ́ sí i pẹ̀lú ẹ̀rín. Kí ọwọ́ méjèèjì tó kan ara wọn, Rikiishi ṣubú, kò sì dìde mọ́. Ẹ̀ṣẹ́ abala 6 yẹn, okùn tí ó gbá a ní ìpàkọ́, àti ara tí ebi àti òǹgbẹ ti jẹ tán, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n parapọ̀ pa á.

Ẹ wo bí àwọn òǹṣèwé náà ṣe to ọ̀rọ̀ yìí. Bí ó bá jẹ́ pé Joe ni ó borí, a óò ní ìṣẹ́gun ni ó kó ẹ̀jẹ̀ bá a. Bí ó bá jẹ́ pé Rikiishi yè, a óò ní Joe ti rí ọ̀rẹ́, ó ti di ọmọlúàbí, ìtàn tán. Ṣùgbọ́n ìjà kan náà ni ó ti pàdánù tí ó sì ti pànìyàn, ìṣẹ́jú tí ó sì kọ́kọ́ fẹ́ fi ọwọ́ ṣe ohun mìíràn yàtọ̀ sí ẹ̀ṣẹ́ ni ẹni tí ó fẹ́ bọ̀ lọ́wọ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn baba wa ní ìjà kò dọlá, orúkọ ní ń sọ ni. Orúkọ tí ìjà yìí sọ Joe kò ṣeé pè níwájú àwùjọ.

Ọjọ́ méje péré lẹ́yìn ìsìnkú tí mo fi bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ yìí, ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 1970, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́sàn-án láti inú Red Army Faction, ẹgbẹ́ ajìjàgbara kọ́múníìsì kan ní Japan, já ọkọ̀ òfurufú Japan Airlines kan gbà, wọ́n sì gbé e lọ sí Àríwá Korea. Nínú ọ̀rọ̀ tí olórí wọn kọ sílẹ̀, ó ní Joe ti Ọ̀la ni àwọn. Mo mẹ́nu ba èyí nítorí pé ó fi hàn bí òǹkàwé ṣe lè fẹ́ràn ìwé kí ó sì ṣi ọ̀nà inú rẹ̀. Joe tí wọ́n ń fi ara wọn wé ni Joe oníjàgídíjàgan ti ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tí kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ní àsìkò kan náà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ yìí, Joe inú ìwé ń ráre kiri pẹ̀lú ẹrù ikú ẹnìkan lọ́rùn.

Ó kọ́kọ́ sá. Ó fi Danpei sílẹ̀, ó fi àwọn ọmọdé San'ya sílẹ̀, ó ń rìn káàkiri òru. Ohun tí ó fà á padà kì í ṣe ìwúrí. Ó rí Wolf Kanagushi, akànṣẹ́ kan tí ó ti fi kúróòsì-káńtà fọ́ lágbọ̀n ṣáájú ìjà Rikiishi, tí ìyẹn sì ti fòpin sí iṣẹ́ rẹ̀. Ó rí i bí ó ti di ẹ̀ṣọ́ fún àwọn jàǹdùkú, tí wọ́n sì tún lù ú níbẹ̀. Yoko sì sọ fún un láìfi bò pé gbèsè àwọn méjèèjì yìí wà lọ́rùn rẹ̀, àti pé ojú ìjà nìkan ni ó ti lè san án. Ọ̀rọ̀ náà le, ó sì le jù lójú ọ̀pọ̀ òǹkàwé. Síbẹ̀ mo rò pé òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó bá Joe sọ̀rọ̀ bí a ti ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀, ẹni tí ohun tí ó ṣe ní ìwọ̀n.

Joe padà sójú ìjà. Ó ṣì yára, ó ṣì lágbára, ìmọ̀ rẹ̀ sì ti pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ ẹ̀ṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí ṣàkíyèsí pé ara nìkan ni ó ń lù. Bí ojú alátakò bá ṣí sílẹ̀ gbayawu, ọwọ́ rẹ̀ á dúró lójú ọ̀nà. Bí ó bá fi agídí lu ẹ̀bátí ẹnìkan, òjìji Rikiishi á dìde níwájú rẹ̀, ìfun rẹ̀ á yí po, ó sì bì lójú ìjà lójú gbogbo ayé. Ó pàdánù ìjà kan tẹ̀ lé òmíràn títí kò fi sí ẹni tí ó fẹ́ kí ó wá jà ní Tokyo, ó sì di akànṣẹ́ aláràbarà tí ń tẹ̀ lé àwọn onífàájì kiri ìgbèríko, tí ń fi ara gba ìlù fún owó kékeré.

Níhìn-ín gan-an ni èrò mi nípa ìdàgbàsókè ti yà kúrò ní ọ̀nà tí wọ́n sábà máa ń gbà sọ ọ́. Bí a bá fi ojú ìṣẹ́gun wò ó, Joe ti rẹ̀yìn. Bí a bá fi ojú ènìyàn wò ó, àkókò yìí ni ó dàgbà jù lọ. Ọmọ tí ó rò tẹ́lẹ̀ pé ẹni tí òun lù kò ní ojú ti dé ibi tí kò ti lè fọwọ́ kan ojú ẹnikẹ́ni. Ara rẹ̀ ti mọ ohun tí ẹnu rẹ̀ kò tíì lè sọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń ka àwọn ojú ewé wọ̀nyí ní kíákíá, wọ́n ń dúró de ìgbà tí akọni yóò gba agbára rẹ̀ padà. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n padà lọ kà á.

Carlos Rivera, akànṣẹ́ ọmọ Venezuela tí Yoko mú wá sí Japan, ni ó tú okùn ọwọ́ rẹ̀. N kò ní fa ọ̀rọ̀ Carlos gùn. Ọkùnrin ọlọ́yàyà ni, ó fẹ́ràn ìjà bí ọmọdé ti ń fẹ́ràn eré, nígbà tí ó sì ń fi tayọ̀tayọ̀ jà pẹ̀lú Joe, Joe rí i pé ènìyàn lè fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ́ nítorí pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀, àti pé kíkọ̀ láti lu irú ẹni bẹ́ẹ̀ jẹ́ àrífín sí i. Ọwọ́ rẹ̀ padà. Ohun tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Carlos lẹ́yìn náà: José Mendoza ti Mexico, ọ̀gá àgbáyé ní ìpele bàńtámù, lù ú débi pé ọpọlọ rẹ̀ bàjẹ́, tí ọkùnrin ọlọ́yàyà náà fi di ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí kò sì lè dá bọ́tìnnì aṣọ ara rẹ̀ dè mọ́.

Ìjà tí ó so ọ̀rọ̀ Rikiishi mọ́ ibi tí ó ń lọ ni ìjà Joe pẹ̀lú Kim Yong-bi, ọmọ Korea tí ó jẹ́ ọ̀gá ìpele náà fún Ìlà-Oòrùn Ayé. Ní àkókò yìí Joe ti ń dàgbà ní ti gidi, egungun rẹ̀ ń gùn, ara rẹ̀ ń wúwo, kò sì fẹ́ gba ìpele bàńtámù mọ́. Danpei ní kí ó gòkè sí ìpele tí ó tẹ̀ lé e, ohun tí ọlọ́gbọ́n ènìyàn yóò sì ṣe nìyẹn. Joe kọ̀. Ó ní ìpele yìí ni Rikiishi fi ẹ̀mí rẹ̀ dí kí ó tó lè wọlé wá bá òun, òun kò sì ní fi í sílẹ̀. Báyìí ni ó ṣe di ẹni tí ń fi ebi pa ara rẹ̀, tí ń lọ́ omi kúrò lára, tí ń rìn gan-an ní ojú ẹsẹ̀ ẹni tí ó pa. Nígbà tí ó wà ní ọmọ tí kò dàgbà, Rikiishi ni ó sọ̀ kalẹ̀ wá bá a. Nígbà tí ó dàgbà tán, òun ni ó kọ̀ láti kúrò níbi tí wọ́n ti pàdé.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti wọn ara wọn tán, Kim sọ ìtàn ara rẹ̀ fún un. Ọmọdé ni Kim nígbà ogun Korea, ebi sì ń pa á kú lọ. Ó rí ọmọ ogun kan tí ó ní oúnjẹ, ó fi òkúta fọ́ ọ lórí, ó jẹ oúnjẹ rẹ̀, kí ó tó mọ̀ pé baba òun ni, baba tí ó ti sá kúrò lójú ogun kí ó lè gbé oúnjẹ wá fún ọmọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ikùn rẹ̀ kò ti gba oúnjẹ púpọ̀ mọ́. Ó wo Joe tí ebi ti hàn lójú rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ó yé e pé lójú òun, eré ọmọdé ni ebi ẹni tí ó yó tí ó sì ń mọ̀ọ́mọ̀ fi oúnjẹ du ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó lu Joe bolẹ̀ kí ẹ̀ṣẹ́ tó bà á. Nínú ìjà náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró, nítorí pé ó ti gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé ìyà ọkùnrin yìí ju tòun lọ, kò sì sí ẹ̀tọ́ kan tí òun ní láti borí rẹ̀. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn ó wọ̀ ọ́. Ohun tí Kim fi ayé rẹ̀ jẹ́rìí sí nìyẹn: ebi wọnú rẹ̀, ọ̀rọ̀ baba kò sì ráyè wọlé. Ìgbà tí Joe ti wà nílẹ̀, tí wọ́n ń kà á, ni ó rántí ife omi. Ẹnìkan wà tí ebi wọnú rẹ̀, tí òǹgbẹ wọnú rẹ̀, tí wọ́n sì gbé omi lé e lọ́wọ́, tí ọ̀rọ̀ mìíràn ṣì ráyè nínú rẹ̀. Ayé ni ó fi ebi pa Kim. Rikiishi ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ da omi sílẹ̀, nítorí ìlérí kan ṣoṣo. Bí Joe bá jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ pé ìyà Kim ló ga jù, òun ni yóò sọ ikú Rikiishi di ohun yẹpẹrẹ. Ó dìde, ó sì ṣẹ́gun.

Kò sí ọgbọ́n tuntun tí ó kọ́ kí ó tó ṣẹ́gun Kim. Kò sí agbára kan tí ó jí nínú rẹ̀. Ó lóye òkú kan ni, lẹ́yìn ọjọ́ pípẹ́, òye náà sì gbé e dìde. N kò tíì rí ìjà mìíràn nínú máńgà tí ó fi bẹ́ẹ̀ ṣàlàyé ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ tí ó bá dúró síbí kò ní pé. Òye tí Joe ní kò gbà á là. Noriko, ọmọbìnrin tí ó fẹ́ràn rẹ̀ ní San'ya, bi í léèrè lọ́jọ́ kan bóyá ayé tí ó ń gbé kò ṣókùnkùn jù fún ọ̀dọ́, Joe sì dá a lóhùn pé òun kì í ṣe igi tí ń jó láàbọ̀. Òun fẹ́ jó pọ́nbélé fún ìgbà díẹ̀, kí ó má ku nǹkan kan ju eérú funfun lọ. Noriko ní òun kò lè tẹ̀ lé e dé ibẹ̀. Ó fẹ́ Nishi, ọ̀rẹ́ Joe láti ọgbà àtúnṣe. Mo bọ̀wọ̀ fún Noriko, mo sì rò pé àwọn òǹṣèwé náà bọ̀wọ̀ fún un pẹ̀lú, nítorí pé wọn kò ya ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ bí ọjọ́ ẹni tí kò gbọ́n.

Nígbà tí ó fi kù díẹ̀ kí Joe bá José Mendoza jà, àmì tí ó wà lára Carlos ti bẹ̀rẹ̀ sí hàn lára rẹ̀. Yoko, ẹni tí ó ti ní kí ó padà sójú ìjà lọ san gbèsè, wá bá a nínú yàrá ìmúra, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má lọ, ó sì sọ fún un fún ìgbà àkọ́kọ́ pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Joe dúpẹ́. Ó ní ọ̀gá àgbáyé ń dúró de òun lójú ìjà, ó sì jáde. Mo gbọ́ ohùn Rikiishi nínú ọpẹ́ yẹn, bí ẹni tí ó gba ife tí ó sì dà á sílẹ̀.

Abala 15 ni wọ́n jà. Ojú Joe kan kò ríran dáadáa mọ́, ó ṣubú lọ́pọ̀ ìgbà, ó ń dìde, títí ẹ̀rù fi ba Mendoza, ọkùnrin tí kò mọ ẹ̀rù. Nígbà tí agogo ìkẹyìn dún, Joe bọ́ ìbọ̀wọ́ ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀, ó sì fi í fún Yoko. Àwọn adájọ́ ka àmì ayò, wọ́n kéde Mendoza ní aṣẹ́gun, irun orí Mendoza sì ti funfun. Ní igun tirẹ̀, Joe jókòó sórí àpótí kékeré, orí rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀, ojú rẹ̀ dì, ẹ̀rín díẹ̀ wà létè rẹ̀. Chiba kò fi dúdú kun ún. Funfun ni ó fi í sílẹ̀, láti irun dé bàtà. Bóyá ó ti kú, bóyá ó ń sinmi, àwòrán náà kò sọ, kò sì sí ẹni tí ó lu agogo mẹ́wàá nínú ìwé náà.